Ẹ̀rọ Mi, Mọ́ínmọ́ín Ìyá Tọ́pẹ́ àti Eyín Dókítà Fákùnlé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń ronú iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ yín ṣe, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi lọ nǹkan fún àwọn ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò: ata, ẹ̀wà, àgbàdo, ẹ̀gúsí, ọkà bàbà, èlùbọ́. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ata ni wọ́n ń pè é, àwọn èèyàn sì rò pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju kéèyàn da nǹkan sẹ́nu ẹ̀rọ, kó sì gbé abọ́ sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Bẹ́ ẹ bá fi aṣọ dì mí lójú, tẹ́ ẹ tan ẹ̀rọ kan síwájú mi, màá sọ fún yín bóyá bẹ́líìtì rẹ̀ ló dẹ̀, bóyá béárìn tó ń mú un yí ló ti ń jẹ, tàbí ẹni tó ń lò ó ló fún un mọ́ra jù. Mi ò kọ́ ọ níléèwé. Etí ni mo fi kọ́ ọ, mo fi ọwọ́ kọ́ ọ, mo sì fi ẹnu kọ́ ọ. Ẹ máa tó rí ìdí tí mo fi dárúkọ ẹnu.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí kò gùn. Màmá mi ń ta ògì lọ́jà Ìbà, ojoojúmọ́ la sì ń gbé àgbàdo lọ sọ́dọ̀ Bàbá Sàká, tó ní ẹ̀rọ mẹ́ta lábẹ́ páànù kan. Lọ́jọ́ kan, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò wá, èmi ni mo bá a di bẹ́líìtì mú kó tó rí i gbé kọ́. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní kí màmá mi fi mí sílẹ̀ sọ́dọ̀ òun. Owó tí wọ́n san fún ìkọ́ṣẹ́ mi kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká gbé ìyẹn kọjá.

Ọmọ onílẹ̀ Ìbà ni Bàbá Sàká, Àwórì pọ́ńbélé. Ó ga, ó gbẹ, kì í pariwo. Kò lù wá rí. Ohun tó máa ń ṣe ni pé á pa ẹ́ńjìnnì lójijì nígbà tí èrò bá pọ̀ jù, á wá yíjú sí ọ.

"Kí lo gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Bàbá."

"Ìdí tí mo fi pa á nìyẹn. Lọ tan án, kó o wá gbọ́."

Àwọn oníbàárà á máa kùn. Mo rántí obìnrin kan tó ní, "Bàbá Sàká, ẹ jọ̀ọ́, epo mi ti wà lórí iná." Bàbá ò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Bá mi sọ fún epo pé mo ń kọ́ ọmọ."

Ó ya ẹ̀rọ ata sọ́tọ̀, ó ya ti ẹ̀wà sọ́tọ̀, ẹ̀kẹta wà fún ohun gbígbẹ nìkan. Ní ìrọ̀lẹ́, a ó tú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, a ó fi ìka yí inú rẹ̀ ká títí dé ibi tí irin lílọ́ tó ń ti nǹkan síwájú ti bẹ̀rẹ̀, a ó wá fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Bí omi ẹ̀kẹta bá jáde pẹ̀lú àwọ̀ pupa díẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ata ti wọ ojú mi débi pé mi ò mọ ìgbà tó dẹ́kun láti máa ta mí.

Ibi tó le jù lọ ni pípọ́n àwo ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, torí ibẹ̀ gan-an ni ìtàn mi wà. Inú ẹ̀rọ ata ni àwo irin méjì wà tí wọ́n kọjú síra wọn. Ọ̀kan dúró, ọ̀kan ń yí. Ojú àwọn méjèèjì ní ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín, àárín àwọn ìlà yẹn ni ẹ̀wà ti ń di lílọ̀. Bó bá pẹ́, àwọn ìlà náà á jẹ, wọ́n á tẹ́jú, ẹ̀wà á máa jáde ní hóró-hóró, ẹ̀rọ á sì máa gbóná. Ìgbà yẹn la máa ń tú bóòtù, ká yọ àwo, ká jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú òòlù àti irin ẹlẹ́nu mímú, ká máa gbẹ́ àwọn ìlà yẹn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwo kan máa ń gbà mí tó wákàtí méjì. Bí ìlà bá jìn jù, ẹ̀wà á máa sá gba àárín rẹ̀ kọjá láìkúnná. Bí kò bá jìn tó, ọ̀sẹ̀ méjì ni, o tún ti padà sídìí òòlù.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá pọ́n àwo tán, èérún irin máa ń wà lára rẹ̀ tí ojú ò lè rí. Òfin Bàbá Sàká lórí ìyẹn kò yẹ̀. Fi omi fọ àwo. Da kóńgò àgbàdo gbígbẹ kan sẹ́nu ẹ̀rọ, lọ̀ ọ́, dà á nù. Lọ kóńgò kejì, dà á nù. Bó o bá lọ ẹ̀kẹta, ìwọ ọmọ iṣẹ́ tó o pọ́n àwo yẹn fúnra rẹ lo máa fi ṣíbí bù ú sẹ́nu, wà á máa rún un díẹ̀díẹ̀ lápá ọ̀tún, wà á rún un lápá òsì. Bí eyín rẹ kò bá kan nǹkan kan, ká ṣí fún oníbàárà.

Mo gbìyànjú láti rẹ́ ẹ jẹ lẹ́ẹ̀kan. Mo bu ìyẹ̀fun náà, mo yíjú sí ògiri, mo tu ú dà sílẹ̀.

"Ṣé o ti rún un?"

"Mo ti rún un, Bàbá."

"Yọ ahọ́n rẹ síta."

Mo yọ ọ́ síta. Ó tẹ̀ wá síwájú, ó wò ó bí ẹni tó ń wo inú kànga.

"Ahọ́n yìí mọ́ jù. Ìyẹ̀fun àgbàdo kì í tètè kúrò lẹ́nu báyẹn."

"Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí pé irin lè ṣẹ́ mi léyín."

"Bó bá ṣẹ́ ọ léyín, a mọ̀ pé a ò tíì ṣe é tán. Bó bá wá ṣẹ́ oníbàárà léyín, kí la fẹ́ sọ fún un? Lọ bu ṣíbí mẹ́ta."

Mo rún ṣíbí mẹ́ta. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò yẹ òfin yẹn sílẹ̀ mọ́, àyàfi ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ó ti pẹ́ nígbà yẹn tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ Bàbá Sàká. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Òkókómáíkò, lójú ọ̀nà tó wọ Igbó-Elérin, ẹ̀rọ méjì lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tó yá, ó di mẹ́rin. Orúkọ mi ti sọnù sẹ́nu àwọn èèyàn. Ìyá Ẹlẹ́rọ ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Mo ra ìwé kékeré kan, inú rẹ̀ ni mo ti ń kọ iye ọjọ́ tí àwo kọ̀ọ̀kan lò kó tó jẹ. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹ̀gúsí kì í jẹ àwo bí àgbàdo gbígbẹ ṣe ń jẹ ẹ́, àti pé èlùbọ́ tí wọ́n sá sórí ilẹ̀ máa ń pa àwo kánkán ju èyí tí wọ́n sá sórí àpáta, torí iyanrìn. Kò sẹ́ni tó ní kí n kọ ọ́. Ó kàn ń wù mí láti mọ̀ ni.

Ohun èlò náà yí padà lójú mi. Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ epo dísù, tí èèyàn ń fi ọwọ́ yí títí èjìká á fi máa ro ó, wá di ẹ́ńjìnnì oníná tí èèyàn kàn ń tẹ̀. Dísù kò kúrò nílẹ̀ ṣá, torí iná kì í dúró, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní iná ló ń rí èrè. Òòlù náà kógbá wọlé. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ oníná tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin, tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi ń pọ́n àwo tí mo fi wákàtí méjì gbẹ́ nígbà kan. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n mo tún fura sí i. Òòlù máa ń gé irin já lẹ́ẹ̀kan náà, èérún á sì bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ oníná yìí kì í gé gbogbo rẹ̀ já. Ó máa ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ létí ìlà, tó ká kò síta bí etí ewé tó ń gbẹ. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ lọ nǹkan ló tó máa ń ṣẹ́ kúrò. Nítorí náà, òfin Bàbá Sàká tún wúlò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹ́rọ mìíràn.

Lọ́jọ́bọ̀ kan nírọ̀lẹ́, mo pọ́n àwo ẹ̀rọ ẹ̀wà ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan tó ní jẹnẹrétọ̀. A ò rí iná fún ọjọ́ márùn-ún. Mo ní bílẹ̀ bá mọ́, màá fi dísù lọ kóńgò àgbàdo mẹ́ta, màá da méjì nù, màá rún ìkẹyìn. Ilẹ̀ mọ́, mi ò tíì tú àpò àgbàdo, iná dé. Gbogbo àdúgbò hó. Kí n tó yíjú, èrò ti kún ẹnu ọ̀nà mi pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì, tí oníkálukú ń sọ pé iná yìí lè lọ nísinsìnyí. Ìyá Tọ́pẹ́ ló wà níwájú.

Ìyá Tọ́pẹ́ ń ta mọ́ínmọ́ín eléwé ní oríta wa. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ ńlá rẹ̀, torí ọjọ́ Ẹtì ló ń gbé mọ́ínmọ́ín fún odindi iléèwé aládàáni kan.

Ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́rọ, ẹ jọ̀ọ́ o. Àwọn ọmọ iléèwé máa ń jẹun ní aago mẹ́wàá, wọn ò mọ̀ pé iná ò sí."

Mo lọ kóńgò kan, mo dà á nù. Mo gbé kejì, mo wo èrò, mo gbé e sílẹ̀ padà. Mi ò rún nǹkan kan. Mo gba bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀wà rẹ̀, mo dà á sẹ́nu ẹ̀rọ. Ó jáde kúnná, ó funfun bí ọṣẹ. Inú mi tilẹ̀ dùn sí bó ṣe kúnná tó.

Lọ́jọ́ Ajé, ìròyìn kan gbogbo àdúgbò pé òkúta inú mọ́ínmọ́ín tí Ìyá Tọ́pẹ́ sè lọ́jọ́ Ẹtì ti ṣẹ́ Dókítà Fákùnlé léyín.

Dókítà ìwé ni ọkùnrin yìí o, kì í ṣe ti ìṣègùn. Ọmọ Èkìtì ni, olùkọ́ ní yunifásítì, ọ̀nà òpópó kejì sí tiwa ló kọ́lé sí. Mo gbọ́dọ̀ yìn ín, torí pé bó ṣe ṣe ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ẹni tí oúnjẹ bá ṣe léṣe yẹ kó máa ṣe é. Kò lọ da àtẹ ẹnikẹ́ni rú. Ó tu ohun tó bù jẹ sọ́wọ́, ó ṣa ohun líle náà jáde, ó fi sínú ìgò oògùn kékeré. Ìyókù mọ́ínmọ́ín náà, pẹ̀lú ewé rẹ̀, ó fi ọ̀rá wé e, ó gbé e sínú fíríìjì. Kí ọjọ́ yẹn tó ṣú, ó ti dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín, ó ní kí wọ́n ya àwòrán eyín náà, kí wọ́n sì kọ ọ́ síwèé bóyá eyín náà ti kẹ̀ tẹ́lẹ̀ tàbí kò kẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé kò kẹ̀. Nígbà tó ní gbogbo ìyẹn lọ́wọ́ ló tó kọ lẹ́tà sí Ìyá Tọ́pẹ́: ọjọ́ tó rà á, aago tó jẹ ẹ́, eyín tó ṣẹ́, àti owó gbà-má-bìínú tó ń béèrè, ìyẹn owó ìtọ́jú eyín náà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fún un lọ́jọ́ méje. Ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí alága ẹgbẹ́ onílé, ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí iléèwé yẹn, torí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ̀dà tó lọ síléèwé yẹn ló dun Ìyá Tọ́pẹ́ jù. Wọ́n ní kó má gbé nǹkan kan wá mọ́ títí ọ̀rọ̀ náà á fi yanjú.

Lọ́jọ́rú, ó wá lọ ẹ̀wà lọ́dọ̀ mi. Ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì ló gbé wá. Ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́rọ, ẹ bá mi ro ó wò. Mo ṣa ẹ̀wà yẹn lórí àtẹ, mo bó o, mo fọ̀ ọ́ nínú omi mẹ́rin. Níbo ni òkúta ti wá?"

Mo ní, "Ọlọ́run á yanjú ẹ̀."

Mo ti ń fura láti ọjọ́ Ajé, ẹ jẹ́ n má parọ́ fún yín. Mo ń sọ fún ara mi pé bóyá òkúta ni lóòótọ́, pé èmi ò rí i, pé kò yẹ kí n gbé ẹrù tí wọn ò tíì gbé lé mi lórí. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ló máa pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ bí mo bá dákẹ́, mo sì mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, alága ẹgbẹ́ onílé pe ìpàdé síwájú ilé rẹ̀. Àlàájì ni gbogbo wa ń pè é. Kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, mo mú mágínẹ́ẹ̀tì kan, irin tó ń fa irin mọ́ra, tí mo fi máa ń ṣa nọ́ọ̀tù tó bá já bọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ. Inú sípíkà tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ti yọ ọ́. Ní Alábà, ọjà àwọn tó ń ta rédíò, irú rẹ̀ pọ̀ lọ bíi yanrìn. Mo fi í sínú àpò ìró mi.

Dókítà Fákùnlé sọ tirẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún ṣì wú, kò lè la ẹnu dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo ìwé rẹ̀ wà létòlétò. Àlàájì bi í pé, "Dókítà, ẹ má bínú o, ṣé eyín yẹn ò ti máa ń dùn yín tẹ́lẹ̀? Àgbà ti ń dé sí gbogbo wa."

Dókítà ní, "Àlàájì, ìwé tó wà lọ́wọ́ òsì yín ló dáhùn ìyẹn. Ìlà kẹrin."

Àlàájì wá ìlà kẹrin, ó kà á, ó mi orí. Ó yíjú sí Ìyá Tọ́pẹ́. "Kí ni tìẹ?"

"Àlàájì, láti ọdún tí mo ti ń ta mọ́ínmọ́ín, mi ò fún ẹnikẹ́ni ní òkúta jẹ rí."

Onílé kan tó jókòó lẹ́yìn ní, "Bóyá èènì lo fi ṣe fún Dókítà." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Ìyá Tọ́pẹ́ yíjú sí i. "Ẹ máa rẹ́rìn-ín, sà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ mẹ́rin láàárọ̀ yìí."

Onílé náà ní, "Mẹ́ta ni."

Àlàájì gbọ́wọ́ sókè. "Ó tó. Ìyá Tọ́pẹ́, mo mọ̀ pé o kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ni Dókítà ti ra oúnjẹ yìí. Wà á bá wa wá bí wà á ṣe..."

Mo dìde. Mo ní, "Àlàájì, ẹ jẹ́ n wo òkúta yẹn."

Wọ́n gbé ìgò oògùn náà fún mi. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó ìdajì hóró ìrẹsì, ó dúdú, ó sì rí bí òkúta lóòótọ́. Ẹnikẹ́ni tó ń jẹ ẹ̀wà á pè é ní òkúta, torí òkúta ni a máa ń bá nínú ẹ̀wà. Mo dà á sórí ìwé funfun. Mo mú mágínẹ́ẹ̀tì jáde. Nínú ọkàn mi, mò ń bẹ Ọlọ́run kó má lẹ̀ mọ́ ọn. Mi ò tíì sún un dé ìka méjì sí i tí nǹkan náà fi fò sókè, tó lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì pẹ́ẹ́.

Mo gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i.

Mo ní, "Irin ni. Òkúta kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan yìí. Ìyá Tọ́pẹ́ kì í fi irin se mọ́ínmọ́ín. Ara àwo ẹ̀rọ mi ló ti já. Mo pọ́n ọn lọ́jọ́bọ̀, iná dé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo sáré, mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe yẹ. Ọ̀dọ̀ mi ni ẹ̀bi wà."

Dókítà Fákùnlé yíjú sí mi. "Ìyá Ẹlẹ́rọ, ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ báyìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Dókítà. Ẹ̀rọ ni mo mọ̀ jù láyé."

Ó fa kálámù yọ. Ó mú ẹ̀dà lẹ́tà rẹ̀, ó fa ìlà sórí orúkọ Ìyá Tọ́pẹ́, ó ní, "Kí ni orúkọ yín gan-an?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Àlàájì tí a ti jọ ń gbé fún ọgbọ̀n ọdún kò mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Rísíkátù." Ó kọ ọ́ síbẹ̀, ó fi ọjọ́ sí i, ó fún mi.

Mo ní màá san owó ìtọ́jú náà, mo sì san án. Mo tún fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà síléèwé yẹn, mo ṣàlàyé àwo, ìlà àti etí irin, ojú ìwé mẹ́ta. Dókítà kà á kó tó lọ, ó ní wọ́n lè má ka ojú ìwé kejì. Mo ní kí wọ́n kà á, ó máa ṣe wọ́n láǹfààní.

Ìyá Tọ́pẹ́ kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí ìpàdé ṣe tú, ó dúró tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Ó ní, "Ọjọ́rú ni mo wá bá yín. Ẹ wo ojú mi, ẹ ní Ọlọ́run á yanjú ẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ kan ní Àjáńgbádì ló ń gbé ẹ̀wà rẹ̀ lọ, tí ó sì ń sanwó ọkọ̀ lọ, tó ń sanwó ọkọ̀ bọ̀.

Mo tẹ̀ lé Dókítà Fákùnlé lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dé eyín náà. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ n wá. Mo fẹ́ rí ohun tí owó mi ń ṣe. Obìnrin ni oníṣègùn náà, ó gbà kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin èèyàn, ó ní ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ tí kò ga ju kálámù lọ, orí rẹ̀ ń yí, ó ń dún tín-ín bí ẹ̀fọn, omi ń ṣàn sí i kó má gbóná. Ó fi yí ìyókù eyín náà ká, ó wá dé nǹkan funfun kan lé e bí fìlà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní kí Dókítà bu pépà aláwọ̀ búlúù kan jẹ, kó tún ṣí ẹnu. Ibi tí àwọ̀ búlúù bá wà, ibẹ̀ ló ga jù, ó fi ẹ̀rọ kan ibẹ̀ fẹ́rẹ́. Ó tún ní kó bu pépà jẹ. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Mo ní, "Dókítà obìnrin, bó o bá gbẹ́ ẹ jù ńkọ́?"

Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n yọ ọwọ́ kúrò lẹ́nu wọn ná."

Nígbà tó yọwọ́, ó ṣàlàyé fún mi fún bí ìdajì wákàtí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré mi.

Nígbà tí mo dé ilé, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tèmi. Mo ra mágínẹ́ẹ̀tì sípíkà mẹ́rin ní Alábà, mo fi ike tó nípọn wé wọn kí ẹ̀wà má bàa kan wọn lára, mo so wọ́n mọ́ abẹ́ ibi tí nǹkan lílọ̀ ti ń ṣàn jáde. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mò ń tú wọn wò. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tí mo bá lára wọn bà mí lẹ́rù, kì í sì í ṣe lọ́jọ́ tí mo pọ́n àwo nìkan. Ẹlẹ́rọ méje láàárín Ìbà sí Ọ̀tọ̀-Àwórì ló ti ṣe irú rẹ̀ báyìí, fún gbogbo wọn ni mo fọwọ́ mi so ti àkọ́kọ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí, ohun tí mo lè sọ ni pé ó dáa, ó ń bọ́ni, ó sì ní ìjìnlẹ̀ tí ẹ ò ní tán nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn tí ẹ ò mọ̀ ni iṣẹ́ yín á máa wọ̀. Ẹni tí kò bá lè dúró kí èrò máa pariwo lé e lórí títí yóò fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, kó lọ wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Tọ́pẹ́ ṣì kù. Ẹ̀yin náà mọ bí àdúgbò ṣe ń rí. Ẹni tó gbọ́ pé òkúta wà nínú mọ́ínmọ́ín rẹ̀ pọ̀, ẹni tó gbọ́ pé kì í ṣe òkúta kéré. Iléèwé ní àwọn ṣì ń ro ó. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tó yẹ kí kúlà rẹ̀ ti ṣófo, á ṣì kún dé ọrùn.

Lọ́jọ́ Ajé kan, mo wà ní oríta yẹn, mò ń ra káàdì fóònù lódìkejì. Mo rí Dókítà Fákùnlé tó ń bọ̀ pẹ̀lú báàgì iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ti mọ̀ ọ́n, wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Ó dúró síwájú Ìyá Tọ́pẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, sà," Ìyá Tọ́pẹ́ wí. Kò rẹ́rìn-ín.

"Káàárọ̀. Fún mi ní ọ̀kan."

"Kí n di í fún yín?"

"Rárá. Ibí ni mo ti fẹ́ jẹ ẹ́."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó tú ewé náà, ó gé e, ó gbé e sẹ́nu. Mo rí i tó fi ahọ́n tì í sápá ọ̀tún, apá tí eyín tuntun náà wà. Ó ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ dé, ọkọ̀ lọ, èèyàn méjì péré ló wọ̀ ọ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi áńkáṣíìfù nu ẹnu.

Ó ní, "Fi méjì sí i. Kó o tún di mẹ́rin fún mi, màá gbé e lọ sí ọ́fíìsì."

Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n ní, "Fún èmi náà ní méjì." Ẹlòmíràn ní tòun mẹ́ta.

Ìyá Tọ́pẹ́ mú ewé dání, kò tíì dì í. "Dókítà, ẹ kọ́kọ́ san ti èyí tẹ́ ẹ jẹ tán yẹn. Ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́rọ ni gbà-má-bìínú ti wá o, kì í ṣe ọ̀dọ̀ tèmi."

Dókítà bú sẹ́rìn-ín, ó ti ọwọ́ bọ àpò.

Mo sọdá. Mo tò sẹ́yìn obìnrin ọlọ́mọ yẹn. Nígbà tó kàn mí, Ìyá Tọ́pẹ́ di méjì fún mi láìwo ojú mi, ó gba owó, ó fún mi ní ṣéńjì. Mo ti yíjú kí n máa lọ.

"Ìyá Ẹlẹ́rọ," ó ní, "màá gbé ẹ̀wà wá lọ́sàn-án. Ẹ má lọ síbì kankan."

Mo ní, "Mo wà ńlẹ̀."